Òǹwòran Náà Níṣẹ́ Lálẹ́ Ọjọ́ Ìjà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, àti ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní MMA, níbi tí ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì ti pàdé. Mi ò bá àwọn tó ń jà wí lónìí. Àwa tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí a jókòó tí à ń wòran, àwa ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ariwo yẹn rí. Ọmọkùnrin kan ti gba ẹ̀ṣẹ́ léraléra, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan okùn, apá rẹ̀ ti ń rọ̀ wálẹ̀. Rẹfirí sáré wọ àárín wọn, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ju ọwọ́ sókè pé ìjà ti parí. Kíá, gbogbo gbọ̀ngán á bú gbàmù: "Kí ló dé? Fi wọ́n sílẹ̀! Ó ṣì lè jà!" Àwọn kan á ju ike omi sínú ríìngì. Àwọn mìíràn á ní rẹfirí ti gbowó. Èmi gbà pé ariwo yẹn léwu, mo sì gbà pé kì í ṣe ìwà ìkà ló ń mú wa pa á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa ni a ò mọ̀ dáadáa. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò sí ibi tó tún yẹ ká ti sọ ọ́ bíi Sùúrùlérè ní Èkó. Láti Àgùdà, téèyàn bá ti wọ kẹ̀kẹ́ dé Masha, Stadium ò jìnnà mọ́. Lápá kan ni National Stadium wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1972, tí wọ́n fi gbàlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní January 1973. Lódìkejì ni pápá Teslim Balogun, tí wọ́n ṣí ní 2007, inú ọgbà rẹ̀ sì ni gbọ̀ngán Molade Okoya-Thomas wà, tí wọ́n fi orúkọ Aṣojú Ọba Èkó tó fi owó àti ọkàn rẹ̀ ti eré ping-pong lẹ́yìn sọ. Nínú gbọ̀ngán yìí ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ GOtv Boxing Night, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ti wáyé rí. Irú àwọn alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èrò ti ń pariwo orúkọ Waidi Usman tí wọ́n ń pè ní Skoro, àti Olaide Fijabi tí wọ́n ń pè ní Fijaborn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé Rowe Park ní Yábàá, níbi tí àwọn ọmọ Mùṣin àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ti ń fi àpò iyanrìn kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ Èkó ni Nojeem Maiyegun, ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, idẹ ni, ní Tokyo ní 1964. Ẹ̀ṣẹ́ ló fi gbà á.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní December 1981, Saoul Mamby, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé bẹ́líìtì àgbáyé tirẹ̀, ti àjọ WBC, wá sí National Stadium níbí, láti bá Obisia Nwankpa jà. Ráúndì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n jà. Ojú-àmì ni Mamby fi borí, ẹnu àwọn adájọ́ ò sì kò, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun àwọn àgbà àdúgbò yìí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ráúndì yẹn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní November 1982, ọmọ Korea kan tó ń jẹ́ Duk Koo Kim bá Ray Mancini jà ní Las Vegas. Ó ṣubú ní ráúndì kẹrìnlá, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú. Lẹ́yìn èyí ni WBC dín ìjà bẹ́líìtì kù sí ráúndì méjìlá, àwọn àjọ yòókù sì tẹ̀ lé wọn nígbà tó yá. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń sọ pé ìjà ayé àtijọ́ ló dára, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè jà pẹ́, ẹ fi sùúrù sọ ìtàn Kim fún un. Ikú ló mú wọn gé ráúndì mẹ́ta yẹn kúrò.

Ìjà àkọ́kọ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé tó wáyé ní Nàìjíríà pàápàá, ẹ rántí bó ṣe parí. Ní ọjọ́ 10 August 1963, ní Liberty Stadium ní Ìbàdàn, Dick Tiger lu Gene Fullmer dé ráúndì keje. Nígbà tí ó yẹ kí agogo ráúndì kẹjọ lù, àwọn tó wà ní kọ́nà Fullmer ò jẹ́ kó dìde mọ́. Wọ́n wo ojú ọmọ wọn, wọ́n ní ó tó. Fullmer yìí ti di ọ̀gá àgbáyé rí, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ojo. Ọgbọ́n ni wọ́n lò fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí MMA. Ọdún 2019 ló wọ̀ wá lára gan-an. Ní March ọdún náà, Kamaru Usman, tí wọ́n bí ní Auchi, gba bẹ́líìtì àgbáyé ti àjọ MMA tó ń jẹ́ UFC lọ́wọ́ Tyron Woodley. Ní October, Israel Adesanya, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó níbí, tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Chrisland ní Òpẹ̀bí kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí New Zealand, lu Robert Whittaker ní Melbourne lójú èrò tó lé ní 57,000. Nígbà tí Francis Ngannou ọmọ Cameroon náà gba tirẹ̀ ní March 2021, ọmọ Áfíríkà mẹ́ta ló di bẹ́líìtì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń wò wọ́n ní Àgùdà fi oorun wọn ṣe é, torí alẹ́ Sátidé ní Amẹ́ríkà ni ìdájí Sọ́ńdè tiwa. Ní báyìí, kò di dandan kéèyàn máa dúró de òkè òkun mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi African Knockout ti gbé ìjà MMA kalẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú kéèjì onírin tó yí àwọn tó ń jà ká.

Àwọn kan sọ pé nǹkan àjèjì ni. Mi ò gbà. Ìjàkadì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Àwọn Ìjẹ̀bú ní gídígbò, tí ìlù ń bá a lọ. Àwọn Hausa ní dambe, eré àwọn alápatà, níbi tí akọni ti ń fi okùn di ọwọ́ kan tó fi ń lu ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì ṣe asà. Ní Senegal, wọ́n ti da ẹ̀ṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́, inú eré yẹn sì ni Oumar Kane, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, ti wá tó fi gba bẹ́líìtì MMA ti àjọ ONE Championship ní November 2024. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú MMA ni òfin tó so gbogbo wọn pọ̀. Ní 1993 tí UFC bẹ̀rẹ̀ ní Denver, òfin ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìgbà tó di ọdún 2000 ni wọ́n kó òfin jọ ní New Jersey, òun náà ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò títí dòní: ráúndì mẹ́ta oníṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, márùn-ún tó bá jẹ́ ti bẹ́líìtì, ìbọ̀wọ́ kékeré tó wọn nǹkan bí áúńsì mẹ́rin, nígbà tí ti àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kò sí fífi ìka bọ ojú, kò sí jíjẹni, kò sí lílu ìpàkọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ta ẹni tó ti wà nílẹ̀ nípàá lórí.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó máa ń da àwa tí a ti ìdí ẹ̀ṣẹ́ wá láàmú. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, tí ènìyàn bá ṣubú, rẹfirí á kà á lóókan dé ẹ̀jọ, kódà kó ti dìde, á sì wo ojú rẹ̀, á ní kó rìn wá. Nínú MMA, kò sí kíkà. Ẹni tó bá ṣubú ṣì wà nínú ìjà, alátakò rẹ̀ lè tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀ kó máa lù ú. Rẹfirí nìkan ló wà láàárín wọn, ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan péré ló sì ní láti fi pinnu bóyá ẹni náà ṣì ń dáàbò bo ara rẹ̀ tàbí ó kàn ń gbà á ni. Nítorí náà, ẹ máa wo ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Tí ọwọ́ yẹn bá ṣì ń wá nǹkan ṣe, tó ń di apá alátakò mú, tó ń ti ìbàdí rẹ̀ dànù, ìjà ṣì wà. Tí ó bá kàn bo orí tí kò sì mira mọ́, rẹfirí ń bọ̀, ó sì yẹ kó wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí. Inú omi ni ọpọlọ wà nínú agbárí. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá kan àgbọ̀n látẹ̀gbẹ́, orí á yí lójijì, ọpọlọ ò sì ní lè bá agbárí yí lẹ́sẹ̀ kan náà, bí omi inú kèrègbè tí ènìyàn ṣàdédé yí po. Àwọn iṣan tíńtín inú rẹ̀ á fà, ènìyàn á sì pòòyì tàbí kó dákú. Ẹ̀ṣẹ́ tó tẹ̀ lé èyí ni mo ń bẹ̀rù jù. Ẹni tó ti pòòyì kò rí i pé ó ń bọ̀, kò ki ọrùn, kò sì gbé ọwọ́ sókè, nítorí náà gbogbo agbára rẹ̀ ló máa gbà. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá já láàárín agbárí àti ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ síbẹ̀, á máa tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, ẹni náà sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nínú ríìngì kó tó ṣubú. Àkókò tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ni yóò sọ bóyá yóò yè.

Ní ọjọ́ 29 March 2025, Segun Olanrewaju, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Success, tó ti gba bẹ́líìtì orílẹ̀-èdè yìí àti ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí, bá Jon Mbanugu jà ní Bukom ní Accra. Ní ráúndì kẹta, ó fara ti okùn, ó sì ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Korle Bu, ó sì kú. Ẹni ogójì ọdún ni. Kò sí ìkọlù ńlá kan téèyàn lè tọ́ka sí nínú fídíò ìjà náà pé òun ló pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wa wo fídíò yẹn lórí fóònù, àánú sì ṣe wá. Mo fẹ́ kí á rántí àánú yẹn nígbà mìíràn tí a bá wà nínú gbọ̀ngán, tí dókítà bá gun orí ríìngì láti yẹ ojú ẹnì kan wò, tí inú wa sì fẹ́ máa ru pé ó ń fi àkókò wa ṣòfò.

Ẹ wá wo ti Adesanya. Ní November 2022, ní Madison Square Garden ní New York, ó ń ṣíwájú Alex Pereira lórí ìwé gbogbo adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ráúndì karùn-ún, Pereira kó ẹ̀ṣẹ́ bò ó mọ́ ara irin, rẹfirí Marc Goddard sì dá ìjà dúró nígbà tí ọmọ wa ṣì wà lórí ìdúró. Inú bí Nàìjíríà! A ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 8 April 2023 ní Miami, Adesanya pàdé Pereira lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbé e sùn ní ráúndì kejì. Orí pípé ló gbé dé Miami, torí ẹnì kan ti gbà á sílẹ̀ ní New York. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà fún mi lórí èyí, ṣùgbọ́n èmi dúró lórí ẹ̀.

Ní ti ojú-àmì, ibẹ̀ náà ni ariwo ti ń tàn wá. Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó létí ríìngì, lápá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá mú ráúndì á gba mẹ́wàá, ẹnìkejì á gba mẹ́sàn-án. Tó bá ṣubú, ó sábà máa ń di mẹ́jọ. Ẹ̀ṣẹ́ tó wọlé gbọnrangandan ni wọ́n ń kà. Ẹ̀ṣẹ́ tó kan apá, tó kan ìbọ̀wọ́, kò ka nǹkan kan, bó ti wù kó pariwo tó. Lẹ́yìn gbọ̀ngán lọ́hùn-ún, ohun tí à ń gbọ́ ni "gbì! gbì!", a sì ń hó lé e lórí, nígbà tó jẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bà. Bí ẹ bá rí owó díẹ̀ kún tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ jókòó nítòsí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ máa gbọ́ èémí wọn, "ṣíì, ṣíì", bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí ẹni tó wà ní kọ́nà tó ń fi vaseline pa ìpéǹpéjú ọmọ rẹ̀ kó má baà là, tó sì ń fi irin tútù tẹ ibi tó ti wú. Láàárín ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń sinmi, ẹ tẹ ojú mọ́ kóòṣì. Ohun tó bá ń bi ọmọ náà ni kí ẹ gbọ́. "Ibo la wà?" "Ráúndì kelòó nìyí?" Ìdánwò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ọmọ tí kò bá lè dáhùn, kò yẹ kó tún jáde.

Nínú MMA, ìgbà tí ìjà bá dé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń yọ fóònù wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ilẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Tí ẹnì kan bá gba ẹ̀yìn alátakò rẹ̀, tó fi apá kan yí i lọ́rùn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn méjèèjì ló ń fún pọ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ènìyàn lè dákú lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gbà kéèyàn fi ọwọ́ lu ara alátakò tàbí ilẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Mo ti gbọ́ tí èrò ń fi ẹni tó fọwọ́ lulẹ̀ ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè é ní obìnrin, ó sì dùn mí gan-an. Kamaru Usman fúnra rẹ̀ juwọ́ sílẹ̀ nígbà tí Jose Caceres fún un lọ́rùn ní 2013. Kò tún pàdánù mọ́ títí di August 2022. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń ṣíwájú Leon Edwards pátápátá, ìjà ku díẹ̀ kó parí, kò tó ìṣẹ́jú kan mọ́, ni Edwards bá gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó fi gbá a lórí. Usman ṣubú, rẹfirí sì bọ́ sáàárín wọn lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, nítorí gbogbo ayé rí i. Àwọn ìgbà tí kò hàn kedere bẹ́ẹ̀ ni òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ nǹkan.

Àwọn kan á bi mí pé, ṣé ariwo wa lè ṣe ohunkóhun? Ó lè ṣe é. Rẹfirí tí wọ́n bú lónìí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni; ní ìjà tó ń bọ̀, ó lè dúró díẹ̀ sí i kó má baà gba èébú, inú díẹ̀ yẹn sì ni ẹ̀ṣẹ́ tó ń pani ti ń wọlé. Kóòṣì náà ń gbọ́ wa, kò sì fẹ́ kí àdúgbò máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ju aṣọ ìnura sínú ríìngì fún ọmọ òun. Ẹni tó gbé eré kalẹ̀ náà sì ń wo ohun tí ń dùn mọ́ wa, torí owó wa ló ń wá. Bí a bá ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó dá ìjà dúró lásìkò tó yẹ, wọn yóò máa dá a dúró lásìkò. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè lọ. Àwọn ìjà àkọ́kọ́, nígbà tí àga ṣì ṣófo, ni ti àwọn ọmọ tuntun, àwọn ló sì nílò ojú wa jù. Ẹ wò bóyá ọkọ̀ ambulance wà lẹ́nu ọ̀nà, tí dókítà sì wà létí ríìngì. Bí kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbé eré kalẹ̀, ẹ béèrè ketekete, torí ẹ ti sanwó. Kí ẹni tó bá sì ta tẹ́tẹ́ lórí ìjà má jẹ́ kí owó tó fi ta á máa mú un pariwo.

Ìyá kan láti Àgùdà sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọmọ òun ọkùnrin ò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn ju ẹ̀ṣẹ́ lọ, ó sì ń bẹ òun kí òun mú un lọ sí Rowe Park. Màmá, ẹ mú un lọ. Ẹ jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wo bí kóòṣì ṣe ń bá àwọn ọmọ lò. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó máa ń jẹ́ kí ọmọ titun gba ẹ̀ṣẹ́ sórí, ẹ bi í bóyá ó máa ń fi wọ́n sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara, kí ẹ sì bi í ohun tó ń ṣe tí ọmọ bá sọ pé orí ń fọ́ òun lẹ́yìn ìdánrawò. Kóòṣì tó bá dáhùn pé òun á ní kó lọ sinmi, kó má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní kí ọmọ náà ṣe bí ọkùnrin, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ wá kóòṣì mìíràn.